Àgò Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Yàrá Ìdọ̀tí

Bùṣírà ọmọ mi ní kí n má kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbálẹ̀gbálẹ̀ ni mí. Ó ní, "Daddy, ẹ sọ pé ẹ jẹ́ estate services officer now. It sounds better." Mo ní kí ló dé, ṣé ìgbálẹ̀ ló wá di ohun ìtìjú? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbálẹ̀, tí mo fi nu àtẹ̀gùn, tí mo sì fi kó ìdọ̀tí ní ẹ́sítéètì kan ṣoṣo lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham níbí. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo fi tọ́ ọ tó fi di ẹni tó ń tún èdè òyìnbó mi ṣe. Gàníyù ni orúkọ mi. Àwọn ará ẹ́sítéètì ń pè mí ní Mista Gani, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa sì ń pè mí ní Uncle Gani. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ronú irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ó dáa. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ, mo sì máa sọ ọ́, torí pé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn báyìí, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo lè gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo pọn omi láti kékeré ní Ìwó! Wọ́n fún mi ní bàtà àti ìdì kọ́kọ́rọ́ kan. Owó rẹ̀ kò sọ wá dọlọ́rọ̀, ebi ò sì pa wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni kí ẹ bi mí. Mista Roy ni orúkọ rẹ̀, òyìnbó Bermondsey, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ àgbà ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ó kúrú, ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo nu àtẹ̀gùn ilé kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó dúró, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo parí, ó gbé garawa omi dúdú náà, ó lọ sí òkè pátápátá, ó dà á sílẹ̀. Omi ṣàn, ó ṣàn títí ó fi dé ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Gani, ibo ni omi ń lọ?"

Mo ní ìsàlẹ̀ ni.

Ó ní, "Tún un nù."

Mo bú u ní Yorùbá débi tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì tún un nù láti òkè. Títí di òní, tí mo bá rí ẹni tó ń nu àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀, ara mi kì í gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú nǹkan kan tó ń dán lẹ́yìn páìpù. Kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, igi ìgbálẹ̀ Mista Roy ti balẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ mi, pàì! Abẹ́rẹ́ ni ohun tó ń dán náà. Àwọn tó ń gún oògùn olóró sára ló jù ú síbẹ̀. Ó ní, "Ojú ló ń kọ́kọ́ dé ibi gbogbo, Gani. Ọwọ́ á dé lẹ́yìn." Òun nìkan ni ọ̀gá tó nà mí rí láyé mi, mo sì ń ṣàdúrà fún un nítorí ẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ọ̀pá tí a fi ń ṣa ìdọ̀tí, kò sí ike ofeefee tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Agolo mílíìkì òfìfo ni a ń lò, àti ojú wa.

Òfin rẹ̀ kejì ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jà lé lórí. Lábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, yàrá kan wà tí gbogbo ìdọ̀tí tí àwọn ará òkè bá jù sínú ihò ara ògiri máa ń já sí. Ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù. Àgádágodo rẹ̀, tí wọ́n bá tún un ṣe lónìí, ó ti bàjẹ́ lọ́la. Nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn tó ń gún oògùn ń sá sí. Mista Roy ní tí mo bá dé ibẹ̀, mi ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí n pariwo. "Ìwọ lo ni ilẹ̀kùn," ó ní, "ìwọ kọ́ ni àlejò."

Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní òyìnbó yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ní agboolé wa ní Ìwó, tí o bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, wàá ní "Àgò onílé o," wàá sì dúró títí onílé á fi ní "Àgò yà." Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń wẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń sunkún, àgò ló máa fún un láyè láti nu ojú ẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo já wọ yàrá wọn láìpe àgò, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dún létí mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí Mista Roy ṣe fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fi mí sípò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àgò lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìdọ̀tí.

Ó sì ṣiṣẹ́! Mà á ní "Àgò o!" Mà á gbọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ké kíìrì, tí mo bá fi máa wọlé, kò ní sí ẹnì kankan. Wọn ò bú mi, èmi náà ò rí ìhòòhò ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó abẹ́rẹ́ wọn sínú ìgò fún mi. Mo ń fi ṣe fáàrí. Ní ìgbà kan, wọ́n fi iná aláwọ̀ búlúù sí ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí àwọn tó ń gún oògùn má baà rí iṣan ara wọn. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, ìlọ́po méjì abẹ́rẹ́ ni mo ń ṣà ní yàrá ìdọ̀tí lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò jáwọ́, wọ́n kàn ṣípò ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo pe àgò gẹ́gẹ́ bí iṣe mi. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú.

"Àgò yà, sir."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin gíga kan jáde, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ó fi fìlà ẹ̀wù rẹ̀ borí. Ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sir. I'm going, I'm going. Ẹ má bínú." Ó sì lọ. Ọmọ Yorùbá! A máa ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ọmọ òyìnbó ló ń ṣe irú nǹkan yẹn, pé àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ o. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló fi dá mi lóhùn.

Ó ń wá bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Mà á pe àgò, á dáhùn, á kí mi, á lọ. Mi ò bi í léèrè orúkọ. Ìgbà míì mo máa ń gbé tíì sílẹ̀ fún un lórí ògiri kékeré tó wà níta. Lẹ́yìn náà ni ọdún Iléyá dé. Níbi tí a ti ń kírun ní pápá, mo rí i nínú jàlàbíà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Ìyá Jámíù! Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló mọ Ìyá Jámíù. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Deptford. Tí wọ́n bá ń ṣàmín, ẹni tó wà ní Rye Lane á gbọ́. Jámíù rí mi, ó yíjú sẹ́yìn.

Ọjọ́ kejì, nígbà tó jáde ní yàrá ìdọ̀tí, mo ní, "Jámíù, mo mọ ìyá ẹ."

Ó kúnlẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí. "Uncle, I beg you. Ẹ má sọ fún Mummy. It will kill her. Mo máa jáwọ́, wallahi, just give me time."

Mo ní mi ò ní sọ. Mo búra fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo pe àgò. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ iná ń hàn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo tún pè é: "Àgò o, Jámíù." Kẹ́kẹ́ pa. Mo ní ojú ló ń tì í, torí mo ti mọ ìyá rẹ̀. Mo ní kí n fún un láyè kó palẹ̀ mọ́, kó gba ẹ̀yìn jáde, ká má baà fojú kojú. Mo gbé garawa mi, mo lọ sí ilé tó wà lódìkejì. Mo nu àtẹ̀gùn méjèèjì tó wà níbẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, bí Mista Roy ṣe kọ́ mi. Mi ò kánjú. Mo tiẹ̀ ń kọrin lẹ́nu.

Ìgbà tí mo padà dé, iná ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣí i.

Ó jókòó sáàárín gorodóòmù ìdọ̀tí méjì, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, bí ẹni tó sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ti yí padà. Mo pe ọkọ̀ aláìsàn, wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Obìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Jámíù kò jí. Obìnrin náà dìde, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Kò tíì pẹ́." Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo sì bá a níbẹ̀. Ohun kan náà ni mo sọ fún Ìyá Jámíù. Kò sí irọ́ níbẹ̀, mo kàn gé e kúrú ni. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ní, "Uncle, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ mi pẹ́ níbẹ̀." Láti ọdún náà, gbogbo Iléyá ni Ìyá Jámíù máa ń gbé apá àgbò wọn wá fún mi. Mi ò lè gbé e mì. Bùṣírà ló ń jẹ ẹ́, ó rò pé eyín ló ń dùn mí.

Mo yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà. Tí mo bá pe àgò báyìí, mà á ka oókan dé aárùn-ún, mà á ṣí i. Wọ́n wá kọ́ wa ní oògùn kan tí wọ́n ń fín sí imú ẹni tí oògùn olóró bá ti pa mọ́lẹ̀, mo sì ń gbé e sápò bí tèsùbáà. Ọdún tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo bá òyìnbó obìnrin kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tí kò mí mọ́. Mo fín in sí i nímú. Ó mí kanlẹ̀, ó lajú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi! Ó bú mi, ó bú ìyá mi, ó ní mo ba ohun tí òun fowó rà jẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Èébú ò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ti pọ̀ báyìí. Omi máa ń jáde pẹ̀lú agbára láti inú ẹ̀rọ, fóònù ló sì ń sọ ilé tó kàn fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín ṣí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ ilé kan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣí ọ̀kan ní ìlú kan ní Scotland: ilé tí àwọn tó ń gún oògùn olóró lè wọ̀, tí wọ́n á gún èyí tí wọ́n mú wá lójú nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà kú. Àwọn kan ní ó yẹ kí irú ẹ̀ wà ní gúúsù London náà. Ẹnikẹ́ni ò tíì pinnu nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu ará àdúgbò ni. Yéè! Ẹ wá gbọ́ tẹnu ará àdúgbò. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹnì kan ní èèwọ̀ ni, kí ìjọba wá máa ṣọ́ èèwọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹnì kan ní òun ti ń dúró de dókítà nítorí orúnkún òun láti ìjelòó, wọ́n wá fẹ́ fi nọ́ọ̀sì ṣọ́ àwọn yẹn. Orúnkún ń dùn mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn abiyamọ ní ilé ẹ̀kọ́ wà nítòsí. Mi ò lè pe ẹnì kankan nínú wọn ní ènìyàn burúkú. Èmi ni mo ṣa abẹ́rẹ́ níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré.

Ta ló wá ń gbé ìwé kiri kí a fọwọ́ sí i pé a ò fẹ́? Ìyá Jámíù ni. Wọ́n gbé e dé ilé mi. Wọ́n ní, "Uncle, ẹ fọwọ́ sí i fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú mi rí." Ṣé mo lè sọ pé rárá? Mo fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sán Sátidé kan ni ìpàdé wáyé ní gbọ̀ngàn ẹ́sítéètì. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé, wọ́n pariwo lé e lórí. Ẹnì kan kígbe pé, "So somebody will just sit there and watch them?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan á jókòó, á máa wò wọ́n. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá Jámíù dìde. "Ẹ gbọ́ mi. This thing killed my son. Wọ́n wá fẹ́ kọ́lé fún un, with nurse, with heating! Tí wọ́n bá gbà wọ́n láyè, ta ló máa wá jáwọ́? Àánú àwọn ọmọ yín ló ń ṣe mí, it's too late for mine. Ẹ bi Uncle Gani. Wọ́n ti rí gbogbo ẹ̀. Uncle, ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo ojú kọ mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi, mà á jókòó, apá àgbò á sì tún dé lọ́dún yìí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú obìnrin yẹn, mo rí i pé mo tún ń fi òun náà sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Mo gbàgbé òyìnbó. Yorùbá ni mo fi bá wọn sọ ọ́, níwájú gbogbo ènìyàn.

Mo ní, "Ìyá Jámíù, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ náà. Mo pe àgò. Ọmọ yín máa ń dá mi lóhùn lójoojúmọ́, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Lọ́jọ́ náà kò dáhùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í, mo lọ nu àtẹ̀gùn. Ìgbà tí mo padà dé, ara rẹ̀ ṣì gbóná."

Bùṣírà, tó bá mi wá, ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ó fi ìtumọ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ilé tí wọ́n ń sọ yìí dára tàbí kò dára. Kì í ṣe oògùn nìkan ló pa Jámíù. Ìtìjú tiwa náà dá sí i. Bí ọmọ ẹni burú títí, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ, ọmọ yín ò tiẹ̀ burú. Ká ní ẹnì kan jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń wò ó, tí kò tijú, mo gbà pé ó lè wà láàyè."

Ìyá Jámíù ní, "Ẹ pè é, kò dáhùn?"

"Kò dáhùn."

"Ẹ sì lọ?"

"Mo lọ."

Ìyá Jámíù mú báàgì wọn, wọ́n jáde. Ìwé tí a ti fọwọ́ sí wà lórí àga níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni, àbí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Iléyá. Ní pápá, Ìyá Jámíù ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, kò sẹ́ni tó wá. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Bùṣírà sọ̀ kalẹ̀ lọ da ìdọ̀tí nù, kò pa ilẹ̀kùn dé dáadáa. Mo jókòó sí pálọ̀ lémi nìkan.

"Àgò o!"

Mo mọ ohùn náà. Mo ronú pé tí mo bá dákẹ́, wọ́n á rò pé kò sẹ́nì kankan nílé, wọ́n á lọ, a ò ní fojú kojú.

"Àgò onílé o!"

Mi ò dáhùn. Ojú ń tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ilẹ̀kùn sì ṣí. Ìyá Jámíù wọlé tààrà pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n dúró lórí mi, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wò bóyá mo ṣì ń mí.

"Uncle," wọ́n ní, "mo pe àgò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò dáhùn. Èmi ò ní lọ nu àtẹ̀gùn o."

Wọ́n gbé apá àgbò náà kalẹ̀ síwájú mi, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ lójú àwọn.

Mo jẹ ẹ́.